Ìtúnfihàn Tí Ó Ń Falẹ̀ Nínú Ètò Ìṣàtúnkọ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìtúnfihàn, èyíinì ni iṣẹ́ tí ètò ìṣàtúnkọ inú kọ̀ǹpútà ń ṣe láti mú kí ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ bá ohun tí ó wà nínú ìwé tí a ń kọ mu. Ẹni tí ó bá pè é ní ìsọdọ̀tun kò ṣàì ní ìdí, ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ ọn. Ohun tí a bá sọ dọ̀tun ti yí padà; ìwé kì í sì í yí padà nítorí pé a tún fi í hàn. Ọ̀tọ̀ ni ìwé, ọ̀tọ̀ ni àwòrán rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún àwa tí a ń kọ Yorùbá. Ẹni tí ó tẹ àmì ohùn, tí kò tètè rí i, yóò rò pé kò wọlé, yóò sì tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ojú ẹ̀rọ bá lé e bá, àmì méjì ti wà lórí lẹ́tà kan, ọ̀kan sì lè bo èkejì mọ́lẹ̀. Bí a bá wá ní kí ẹ̀rọ wá ọ̀rọ̀ náà, ó lè ṣàìrí i.

Ìṣòro náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Bill Joy ń ṣe iṣẹ́ tí ó di vi ní Yunifásítì California ní Berkeley, láti 1976, módẹ́ẹ̀mù tí ó ń lò láti ilé kò gbé ju 300 bíìtì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyíinì ni nǹkan bí àmì 30. Tẹ́mínà ADM-3A lè fi ìlà 24 hàn, àmì 80 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,920. Láti kọ gbogbo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Abájọ tí àṣẹ inú vi fi kúrú tó bẹ́ẹ̀!

Ìfalẹ̀ ìfiránṣẹ́ ni a ó pe èyí. Ó ṣì wà fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ó jìnnà sí i, ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ tí ó wà níwájú ẹni, ìfalẹ̀ ìṣirò ni ó wọ́pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí a fi GNU Emacs ṣe àpẹẹrẹ. Kí ó tó mọ ibi tí lẹ́tà kan yóò jókòó sí, ó ní láti mọ bí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lórí ìlà ti fẹ̀ tó. Níbí ni ó ti yẹ kí a ya ìlà-ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára ìlà-ojú: ìlà-ìwé kan ṣoṣo lè kún ojú ẹ̀rọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irú ìlà gbọọrọ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ tí ó ti ń dá Emacs dúró. Ẹ̀dà 29, tí ó jáde ní 2023, ń dín àyíká ìṣirò rẹ̀ kù bí ìlà bá ju àmì 50,000 lọ. Ìkọ̀wé wa tilẹ̀ fi díẹ̀ kún iṣẹ́ náà: ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní; ẹ̀rọ ni yóò so lẹ́tà àti àmì ohùn pọ̀.

Láti mọ orísun ìfalẹ̀, ohun àkọ́kọ́ ni kí a ṣí ìwé kan náà pẹ̀lú àṣẹ emacs -Q, tí kì í lo àfikún tí a ti ṣe fúnra wa. Bí ìfalẹ̀ bá lọ, àfikún wa ni ó fà á. Kí a dá ìdajì wọn padà, kí a wò ó, kí a tún dá ìdajì ìyókù padà. Nínú Vim, vim --clean ni yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bí kò bá lọ, profiler-start yóò bẹ̀rẹ̀ sí wọn àkókò. Lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀wé díẹ̀, profiler-report yóò fi iṣẹ́ tí ó ń jẹ àkókò hàn. Ìfàwọ̀-yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àti kíkọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà ni a kọ́kọ́ ń fura sí.

Ní ti àmì tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí a gbé atọ́ka sí orí lẹ́tà náà, kí a tẹ C-u C-x =. Emacs yóò ka ohun tí a so pọ̀ níbẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.