Èkó sí New York Kì Í Ṣe Wákàtí Márùn-ún

Tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù lè sọ pé èèyàn á gbéra l'Ékòó ní aago 11 alẹ́, á sì balẹ̀ sí New York ní aago 4 ìdájí. Àwọn kan ní kíláàsì wa á ní, "Wákàtí 5 péré!" Rárá o. Láti pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé John F. Kennedy ní New York tó nǹkan bíi 8,450 kìlómítà, kò sì sí bàlúù akérò tó ń fi wákàtí 5 rìn ín lónìí. (Ẹ má fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí máàpù ara ògiri. Okùn lórí glóòbù ni kẹ́ ẹ lò, torí ayé rí roboto.)

Aago ló ń tan èèyàn. Longitude dígírì 15 níhà ìlà-oòrùn ni Nàìjíríà fi aago rẹ̀ sí, 75 níhà ìwọ̀-oòrùn ni ti New York. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90. Ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan, torí náà wákàtí 6 la fi ṣíwájú wọn. Aago 4 ìdájí tiwọn, aago 10 àárọ̀ tiwa ni. Wákàtí 11 ni bàlúù fi rìn. Nígbà ooru wọn, wọ́n máa ń sún aago síwájú, ìyàtọ̀ á wá ku 5. Ti London ò le: bíi 5,000 kìlómítà ni, ṣùgbọ́n àríwá ni wọ́n ń forí lé, aago ò sì yàtọ̀ ju wákàtí kan lọ.

Àbọ̀ láti New York sábà máa ń jẹ́ bíi wákàtí 10. Kí ló mú un yá ju àlọ? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé ayé ló ń yí. Òótọ́ ni pé ayé ń yí sí ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó yí i ká ń bá a yí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, bàlúù á kàn dúró sójú kan lókè Ìkẹjà, kí ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn máa yí bọ̀ wá bá a. Àlọ ni ìbá sì yá jù. Òdìkejì rẹ̀ là ń rí.

Atẹ́gùn ló fà á. Lókè Àtìláńtíìkì níhà àríwá, níbi tó ga tó bíi kìlómítà 10, atẹ́gùn líle tí wọ́n ń pè ní jet stream máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ó ń dojú kọ ẹni tó ń lọ, ó ń ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ká sọ pé bàlúù ń sáré 900 kìlómítà ní wákàtí kan, tí atẹ́gùn 100 dojú kọ ọ́: 800 ló kù. Tó bá ń tì í, 1,000 ni. Àwa níbí ò sí lábẹ́ jet stream yẹn, ìyẹn ni ìyàtọ̀ náà ò fi pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó kan ẹni tó bá fẹ́ lọ pàdé èèyàn rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá. Tí wọ́n bá ní àwọn gbéra ní New York ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, ẹni tó kàn ro wákàtí 10 mọ́ ọn á dé Ìkẹjà ní aago 2 òru, òru sì kọ́ ló yẹ kéèyàn máa dá rìn lójú títì. Ẹ kọ́kọ́ ro 6 mọ́ ọn, ó di aago 10 alẹ́ tiwa. Ẹ wá ro 10: aago 8 àárọ̀. Kí wọ́n tó gba ẹrù wọn jáde, ó tún lè pẹ́ díẹ̀ sí i.