Nílẹ̀ Ìráànì, aṣọ ọkùnrin lọmọbìnrin ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó lè wo bọ́ọ̀lù

Ẹni tó bá ti dé pápá ìṣeré rí lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù ńlá bá wà mọ̀ pé ariwo ibẹ̀ nìkan tó ohun téèyàn ń sanwó lọ gbọ́. Ní Tehran, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Ìráànì, ariwo náà lásán ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìpín àwọn obìnrin fún nǹkan bí ogójì ọdún. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn aṣáájú ẹ̀sìn gbàjọba lọ́dún 1979 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn pápá Azadi mọ́ obìnrin tó bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù ọkùnrin. Wọ́n ní èébú táwọn ọkùnrin ń bú níbẹ̀ kò yẹ létí obìnrin. Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé Azadi yìí, òmìnira ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè wọn.

Jafar Panahi, ògbóǹtarìgì tó ń ṣe fíìmù nílẹ̀ náà, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí sójú ayé. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin rẹ̀ ní òun fẹ́ bá a lọ wo bọ́ọ̀lù. Bàbá sọ fún un pé wọn ò ní jẹ́ kó wọlé, ọmọ fàáké kọ́rí. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n dá ọmọ padà lóòótọ́, bàbá sì dá wọlé lọ. Kò tíì jókòó pẹ́ tó fi rí ọmọ rẹ̀ tó yọ sí i láàárín èrò. Ọmọ ti wá ọgbọ́n dá! Ọ̀rọ̀ yẹn ni Panahi gbé rò títí tó fi di fíìmù Offside, tó jáde lọ́dún 2006. Àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: ẹ̀ṣẹ̀ agbábọ́ọ̀lù tó lọ dúró síbi tí kò yẹ kó wà.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, ọdún 2005, tí Ìráànì gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Bahrain lórí àtilọ sí ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé, ni wọ́n ya púpọ̀ nínú rẹ̀, ní pápá Azadi gan-an. Panahi ò sì mọ bí ìtàn òun yóò ṣe parí, nítorí ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ló wà. Ìráànì borí pẹ̀lú góòlù kan sí òdo.

Àwọn ọmọbìnrin tó múra bí ọkùnrin ni fíìmù náà dá lé. Àwọn sójà mú wọn, wọ́n sé wọn mọ́ ẹ̀yìn ògiri pápá bí ẹran inú agbo. Wọ́n ń gbọ́ ariwo èrò, wọn ò rí bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan bi sójà pé kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ káwọn obìnrin Japan wọlé nígbà tí orílẹ̀-èdè wọn wá gbá bọ́ọ̀lù. Sójà ní àwọn yẹn ò gbọ́ èdè Ìráànì, èébú ò lè yé wọn. Ọmọ náà ní ṣé ẹ̀ṣẹ̀ òun wá ni pé Ìráànì ni wọ́n bí òun sí.

Ibi tó dùn jù níbẹ̀ ni ti ọmọ tó fẹ́ lọ tọ̀. Kò sí ilé ìtọ̀ obìnrin nínú pápá. Ni sójà bá fi àwòrán agbábọ́ọ̀lù kan bò ó lójú, ó lu ihò síbi ojú rẹ̀, ó mú un lọ síbi tọkùnrin. Ibẹ̀ lọmọ ti sá lọ. Àmọ́ nígbà tó yá, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wá, torí àánú sójà ń ṣe é. Àwọn sójà náà kì í ṣe ìkà, ọmọ oko tí ìjọba fi túláàsì kó wọṣẹ́ ni wọ́n. Ọkàn ọ̀kan nínú wọn ò kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti màlúù tó fi sílẹ̀ nílé.

Fíìmù náà gba ẹ̀bùn Béárì Fàdákà nílùú Berlin, ṣùgbọ́n ìjọba ò jẹ́ kí wọ́n fi hàn nílé sinimá Ìráànì. Lóṣù kẹrin ọdún 2006 kan náà, Ààrẹ Ahmadinejad ní káwọn obìnrin máa wọlé. Àwọn àgbà ẹ̀sìn kọ̀ jálẹ̀, oṣù kejì ni wọ́n fagi lé àṣẹ náà. Ní 2010, ilé-ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà fún Panahi, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ ṣe fíìmù fún ogún ọdún. Wọ́n ní ó ń ta ko ìjọba. Kò gbọ́, ó ń ṣe é lọ ní kọ̀rọ̀. Lọ́dún 2025, òun ló gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Cannes.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2019 ló wá ba gbogbo ayé lọ́kàn jẹ́. Sahar Khodayari, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, fẹ́ràn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Esteghlal. Lóṣù kẹta, ó wọṣọ bí ọkùnrin lọ sí Azadi láti wò wọ́n. Wọ́n mú un. Lóṣù kẹsàn-án, ó gbọ́ nílé-ẹjọ́ pé ó ṣeé ṣe kóun ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Níta ilé-ẹjọ́ náà ló dáná sun ara rẹ̀, ó sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọbìnrin Búlúù làwọn èèyàn ń pè é, torí búlúù ni àwọ̀ ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn.

FIFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù lágbàáyé, fúngun mọ́ Ìráànì. Lọ́jọ́ kẹwàá, oṣù kẹwàá, ọdún náà, àwọn obìnrin tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà wọ Azadi, wọ́n sì wo bí Ìráànì ṣe fi góòlù mẹ́rìnlá sí òdo na Cambodia. Ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ni wọ́n jókòó sí, síbẹ̀ àwọn kan ń sunkún ayọ̀.

Ìdíje orílẹ̀-èdè lèyí. Ó di oṣù kẹjọ ọdún 2022 kí wọ́n tó gba àwọn obìnrin láyè láti wo ìdíje líìgì ilé. Ẹgbẹ́ tó gbá bọ́ọ̀lù ní Azadi lọ́jọ́ náà ni Esteghlal.