Ìfẹ́ àti Ìfura ní Erékùṣù Shetland

Ẹ óò rántí Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú Àjà Ló Lẹrù, ìwé tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ lọ́dún 1969. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, títì ló gbé gbogbo nǹkan dúró: ẹni tó hùwà ibi lè kó sínú mọ́tò lálẹ́, kí ilẹ̀ mọ́ ọn ní ìlú mìíràn. Ó wá ku ká mú títì náà kúrò, ká fi omi yí ìlú ká.

Ohun tí òǹkọ̀wé Ann Cleeves ṣe nínú ìwé Raven Black, tó jáde lọ́dún 2006, nìyẹn. Shetland, lápá àríwá Scotland, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Erékùṣù ibẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n bíi 16 péré lèèyàn ń gbé, gbogbo olùgbé ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 23,000 lọ. Ọkọ̀ ojú omi tó bá ṣí ní Aberdeen lálẹ́, àárọ̀ ló ń gúnlẹ̀ sí Lerwick. Bí kùrukùru bá bolẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú kì í lè balẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá pànìyàn, apànìyàn ṣì wà ńlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ń ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù tí ìyá olóògbé ti ń rà á.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni. Fran Hunter, ayàwòrán tó ti kọ ọkọ sílẹ̀, mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó ń bọ̀, ó rí àwọn ẹyẹ dúdú tó jọ kannakánná tí wọ́n ń rá bàbà lórí yìnyín. Ìborùn pupa kan yọ láàárín funfun náà. Kí ẹ̀rù tó bà á, ojú ayàwòrán ló kọ́kọ́ fi wò ó, àfi ìgbà tó sún mọ́ ọn tó rí i pé òkú ọ̀dọ́bìnrin ni.

Kí ọlọ́pàá tó la ẹnu, ìlú ti dájọ́: Magnus Tait ni, bàbá arúgbó tó ń dá gbé lórí òkè. Ọmọbìnrin kan ti sọnù ládùúgbò yẹn tẹ́lẹ̀, òun náà ni wọ́n nàka sí. Ẹni tó bá gbọ́njú ní ìlú kékeré nílẹ̀ Yorùbá ti rí i bí wọ́n ṣe ń pe ìyá arúgbó tí kò lẹ́nìkan lájẹ̀ẹ́.

Jimmy Perez lọlọ́pàá tó ń tọpinpin ọ̀rọ̀ náà, ọmọ Fair Isle, erékùṣù kan ní Shetland, sì ni. Òun àti Fran ń yọ́ wọ ara wọn lójú. Ibí yìí ni ìwé náà ti dùn mọ́ mi jù: bí Perez bá kanlẹ̀kùn, Fran kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ló dé tàbí ọlọ́pàá. Cleeves mọ ohun tó ń sọ. Ó ti dáná fáwọn èèyàn rí ní ibùdó àwọn olùwo ẹyẹ ní Fair Isle, ibẹ̀ ló sì ti pàdé ọkọ rẹ̀. Ìparí ìwé náà yá jù lójú tèmi, ṣùgbọ́n ìfura inú rẹ̀ kò fara hàn bí àtọwọ́dá.

Raven Black ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ má fọwọ́ kan Blue Lightning, ìwé kẹrin nípa Perez, tó jáde lọ́dún 2010, àfi tẹ́ ẹ bá ti ka mẹ́ta tó ṣíwájú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Fran nínú rẹ̀ á ba adùn gbogbo wọn jẹ́ mọ́ yín lẹ́nu.