Ìpolówó orí ímeèlì: ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n lára akéde

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń tajà lórí ayélujára, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí, kẹ́ ẹ má baà ṣe irú ẹ̀.

Èlùbọ́ ni mò ń tà láti Àgbàdo-Èkìtì níbí. Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi wà. Àwọn 400 nínú wọn ló fún mi ní ímeèlì wọn pé kí n máa sọ fún àwọn tí ọjà tuntun bá dé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kọ ìpolówó, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, mo bá sùn. Kílẹ̀ tó mọ́, èsì ti kún inú fóònù mi. Àpò kékeré tí mò ń tà ní ₦5,000, ₦500 ni mo kọ! Òdo kan péré. Àwọn kan ti sanwó. Nígbà tí mo ní àṣìṣe ni, wọ́n ní oníjìbìtì ni mí. Ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́.

Ìyá mi kàn rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò rí akéde ni? Àdúgbò kan ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó bọ́ sí èkejì. Kì í sì í lu agogo nígbà tí gbogbo ìlú bá wà lóko."

Láti ìgbà náà, mo pín àwọn 400 yẹn sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ, 50-50. Ọ̀wọ́ kìíní ń lọ láago mẹ́sàn-án àárọ̀, òmíràn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí méjì. Mẹ́rin lóòjọ́, ọjọ́ méjì ó tán. Gmail pàápàá ní ibi tẹ́ ẹ ti lè yan ọjọ́ àti aago tí lẹ́tà máa lọ. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, èèyàn 50 ló máa rí i, mo sì lè tún un ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn 350 tó kù. Mo ń ráyè dá oníkálukú lóhùn. Bí ọjà bá tán kí n tó dé ọ̀wọ́ karùn-ún, mo dáwọ́ dúró nìyẹn.

Kì í ṣe ọgbọ́n àgbà nìkan o. Gmail ọ̀fẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn kọ̀wé sí ju 500 èèyàn lọ lóòjọ́. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, Google àti Yahoo ti ní kí àwọn tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu fẹ̀rí hàn pé àwọn ló ni àdírẹ́sì náà, kí wọ́n sì fi ibi tí èèyàn máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré láti yọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀. Google ní kí ẹ̀sùn spam má tó mẹ́ta nínú 1,000. Ẹni tó bá da gbogbo ẹ̀ síta lójijì lè jọ oníjìbìtì lójú kọ̀ǹpútà, bó tiẹ̀ jẹ́ olóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fún yín ní ímeèlì ẹ̀, bẹ́ ẹ pín in sí ọ̀wọ́ 100, ìyọlẹ́nu ni. Òfin tó ń dáàbò bo dátà ní Nàìjíríà, ti ọdún 2023, fún oníkálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò fẹ́ ìpolówó. Àbí kí ló dé tí àwa náà ń fi STOP ránṣẹ́ sí 2442?

Mo dá owó àwọn tó sanwó padà, mo sì kọ̀wé tọrọ àforíjì. Ọ̀pọ̀ ti padà wá rajà. Àwọn mélòó kan ò dáhùn mọ́. Lẹ́tà àforíjì yẹn gan-an, 50-50 ni mo fi í ránṣẹ́.