Bí Ọlọ́pàá Ṣe Ń Bẹ Ẹni Tó Ń Dá Gbé Wò ní Amẹ́ríkà

Nílé wa, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí màmá àgbà kan kò ṣílẹ̀kùn, kò ní pẹ́ tí ará ilé yóò fi lọ kan ilẹ̀kùn náà. "Màmá, ṣé kò sí o?" Bí kò bá dáhùn, wọn a pe ara wọn jọ, wọn a sì já ilẹ̀kùn.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dá gbé. Aládùúgbò lè máà mọ orúkọ ẹni tí wọ́n jọ pín ògiri. Nítorí náà, ọlọ́pàá ni wọ́n sábà máa ń rán lọ kan ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò níbẹ̀. Ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ti ń ṣe é.

Bí wọ́n ti ń ṣe é

Bí a bá ń pe arúgbó tàbí aláìsàn lórí tẹlifóònù, tí kò gbé e, a lè bẹ ọlọ́pàá ìlú tí ó ń gbé pé kí wọ́n lọ wò ó. Ọlọ́pàá yóò kan ilẹ̀kùn, yóò pe orúkọ ẹni náà. Bí kò bá dáhùn, yóò wo ojú fèrèsé, yóò sì bi àwọn aládùúgbò léèrè. Ṣé ọkọ̀ rẹ̀ wà níta? Ṣé lẹ́tà ti kún inú àpótí rẹ̀? Bí ó bá ṣubú sínú ilé, wọn yóò pe ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn.

Ní àwọn ìlú kan, ẹ̀rọ máa ń pe àwọn arúgbó tó ti fi orúkọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Bí arúgbó kò bá gbé tẹlifóònù, wọn á tún pè é. Bí kò bá tún gbé e, wọn á rán ènìyàn lọ sílé rẹ̀.

Ṣé ọlọ́pàá lè já ilẹ̀kùn?

Bí ó bá rí ìdí pàtàkì láti gbà pé ẹni tó wà nínú ilé fara pa, tàbí pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, ó lè wọlé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé iṣẹ́ ìtọ́jú ará ìlú nìkan kò tó fún ọlọ́pàá láti wọ ilé onílé láìgba ìwé àṣẹ.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ọlọ́pàá Amẹ́ríkà máa ń gbé ìbọn. Ní òru ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2019, ní ìlú Fort Worth ní Texas, ọkùnrin kan rí i pé ilẹ̀kùn ilé aládùúgbò rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó ní kí ọlọ́pàá wá wo àlàáfíà wọn. Ọ̀rọ̀ tó dé etí àwọn ọlọ́pàá ni pé ilé kan ṣí sílẹ̀. Wọn kò sọ pé ọlọ́pàá ni àwọn. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà. Ọ̀kan nínú wọn rí ènìyàn lójú fèrèsé, ó sì yìnbọn. Atatiana Jefferson, ọmọ ọdún 28, ni ó pa, lójú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò ju ọdún 8 lọ. Ní ọdún 2022, wọ́n rán ọlọ́pàá náà lọ sí ẹ̀wọ̀n fún nǹkan bí ọdún 12.

Ẹni tó pè kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n a rí i pé ọ̀rọ̀ tó bá dé etí ọlọ́pàá ṣe pàtàkì.

Ohun tó yẹ kí a sọ

1. Orúkọ ẹni náà, ọjọ́ orí rẹ̀, àti àdírẹ́sì rẹ̀ títí dé nọ́ńbà yàrá.
2. Ìgbà tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn, àti ohun tó ń bà wá lẹ́rù.
3. Àìsàn tó ń ṣe é. Bí etí rẹ̀ bá di, ẹ sọ ọ́, kó má baà dà bí ẹni pé ó ń ṣàìgbọràn.
4. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ajá tàbí ìbọn bá wà nílé, ẹ má fi pa mọ́.
5. Bí kò bá bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ẹ má fi iyọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Bó bá jẹ́ pé ìdààmú ọkàn ló ń bá ẹni náà jà, nọ́ńbà mìíràn wà. Láti oṣù keje ọdún 2022, ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè pe 988, lọ́sàn-án tàbí lóru, kí ó bá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀.

Ẹ rántí pé bí ẹ bá pe 911 láti ilé níbí, kò lè dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ìlú ọmọ yín. Nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá ìlú náà gan-an ni ẹ ó pè. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ tó di kánjúkánjú, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù. Ẹ kọ àdírẹ́sì ọmọ yín sílẹ̀, nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá ibẹ̀, àti nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń gbé nítòsí. Ọ̀rẹ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.