Àṣẹ Lórí Ìbọn: Ìjọba Àpapọ̀, Ìpínlẹ̀ àti Ìbílẹ̀

Ní àdúgbò Post Office ní Ìlọrin, ìjọba mẹ́ta ni ó ń pàṣẹ lórí ilẹ̀ kan náà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ tí a fi sọ àdúgbò náà lórúkọ wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin fún ní àṣẹ lórí ìsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà àti ọmọlanke tí ń kó ẹrù kọjá. Bí ọdẹ kan bá wá gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ṣakabùlà ní èjìká, abẹ́ àṣẹ ta ni ìbọn náà wà? Ìbéèrè yìí ni a óò gbìyànjú láti dáhùn.

Òfin-ìpìlẹ̀ 1999 kò fi bọpo bọyọ̀. Nínú Àtẹ Kejì rẹ̀, ìbọn, ọta àti ohun abúgbàmù wà lára ọ̀ràn tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ìfìwéránṣẹ́ pàápàá wà nínú àkójọ kan náà. Àtẹ Kẹrin ni ó ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ọpọ́n, bárò àti ọmọlanke wà níbẹ̀, ìbọn kò sí. Lóòótọ́, Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ lè fi iṣẹ́ mìíràn kún ti ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn kò ní, kò lè fi tọrẹ.

Òfin Ìbọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959 pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ààrẹ ni ó lè fúnni ní ìwé àṣẹ ìbọn ológun, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn ìléwọ́. Ti ìbọn ọdẹ ìgbàlódé wà lọ́wọ́ Ọ̀gá Pátápátá Ọlọ́pàá. Ṣakabùlà wà ní ìsọ̀rí kẹta, pẹ̀lú àwọn ìbọn tí a ń ti ẹnu wọn ki ẹ̀tù sí.

Ọ̀ràn Àmọ̀tẹ́kùn ni ó mú kí ìpín yìí di ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ. Ní oṣù kìn-ín-ní 2020 ni ìpínlẹ̀ mẹ́fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá ẹ̀ṣọ́ náà sílẹ̀ ní Ìbàdàn. (Kwara kò sí lára wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wa níhìn-ín ń sọ Yorùbá.) Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Abubakar Malami, Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀, fi sọ pé kò bófin mu. Lẹ́yìn ìpàdé àti ìfikùnlukùn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe òfin tirẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ di ti ìpínlẹ̀. Ìwé àṣẹ ìbọn wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ síbẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2022 ni àwọn apànìyàn kọlu àwọn olùjọsìn nínú ìjọ Kátólíìkì kan ní Ọ̀wọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, Gómìnà Rotimi Akeredolu ti Oǹdó fẹ̀sùn kàn pé a gba ẹ̀ṣọ́ Katsina láàyè láti lo ìbọn tí a fi du Àmọ̀tẹ́kùn, ó sì ní òun yóò ra ìbọn. Ilé iṣẹ́ Ààrẹ fèsì pé ìpínlẹ̀ kankan kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù tí ó wà nídìí òfin náà kì í ṣe àròsọ. Ṣáájú 1966, àwọn olóṣèlú lo ọlọ́pàá ìbílẹ̀ láti fi dààmú alátakò wọn, ní Ìwọ̀-Oòrùn àti ní Àríwá tí Ìlọrin wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Nítorí èyí, èrò mi ni pé kí ìbọn ológun wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ṣakabùlà yàtọ̀. Olórí ọdẹ àti baálẹ̀ ni ó mọ ẹni tí ó ní i, ẹni tí ó jogún rẹ̀ àti ẹni tí kò yẹ kí ó fọwọ́ kàn án. Àbújá kò lè mọ̀ ọ́n. Bí a bá tún òfin ṣe, a lè máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí Àtẹ Kẹrin ti ní kí a máa kọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó.