Kòkòrò Inú Ìfun, Kì Í Ṣe Gbogbo Wọn Ni Ọ̀tá



Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé kò sí ẹni tí kò ní kòkòrò nínú. Bó bá wà níwọ̀n, ara á le. Bó bá pọ̀ kọjá ààlà ló ń di àìsàn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ti rí ohun tó jọ ọ́. Wọ́n ní kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára ẹnìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀, inú ìfun ńlá ni wọ́n sì pọ̀ sí jù.

Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ohun tí ikùn wa ò lè dà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, àwọn ló ń jẹ ẹ́, tí wọ́n á sì sọ ọ́ di oúnjẹ fún ìfun. Wọ́n tún gba àyè mọ́ kòkòrò burúkú lọ́wọ́. Kódà, ṣúgà kan wà nínú ọmú ìyá tí ọmọ fúnra rẹ̀ ò lè dà. Kòkòrò rere inú ọmọ ló ń jẹ ẹ́.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ti mú èèyàn, ẹlòmíì á sáré ra kápúsù apakòkòrò ní kẹ́míìsì. Oògùn yẹn ò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sọ́tàá. Bó bá pa àwọn rere, èyí tí wọ́n ń pè ní Clostridioides difficile lè gba ilé, kó fa ìgbẹ́ gbuuru tó lè pààyàn.

Lọ́dún 2013, àwọn dókítà ní Netherlands gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tí àìsàn yìí ń padà mú. Wọ́n gba ìgbẹ́ ẹni tára ẹ̀ le, wọ́n fomi iyọ̀ pò ó, wọ́n sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì, wọ́n sì fi rọ́bà tín-ín-rín gba imú dà á sínú ìfun aláìsàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Nínú èèyàn 16, 13 ló gbádùn lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú 13 tó lo oògùn apakòkòrò nìkan, 4 péré ni. Àwọn kòkòrò rere ni wọ́n dá padà. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣe é o, lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ẹ má dán an wò nílé.

Mi ò ní kẹ́ ẹ kọ oògùn dókítà. Bó bá kọ ọ́, ẹ lò ó bó ṣe wí. Èyí tá à ń dá rà ni mò ń bá wí. Ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, omi oníyọ̀ àti ṣúgà ló kọ́kọ́ ń fẹ́, kí omi ara má bàa gbẹ. Bẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tó rẹ ọmọ jù, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.

Àlàáfíà ò ní jìnnà sílé wa o.